Láìmù, ọ̀dà, Solignum àbí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù: èwo ni kí ẹ fi kun pákó inú ilé adìẹ?

Ilé adìẹ onípákó ló pọ̀ jù lẹ́yìnkùlé àwa tí à ń sin adìẹ ní Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìkọ̀lé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ilé ìlagi kò jìnnà síni, káfíńtà wà ládùúgbò, ó sì rọrùn láti fẹ ilé náà bí adìẹ bá ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n pákó a máa mu omi, a máa mu ìgbẹ́ adìẹ, a máa sán, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá tí òjò wa máa ń rọ̀ dáadáa, pákó tí a kò fi nǹkan kankan kùn kì í gbẹ dénú.

Bí ẹ bá wá béèrè pé kí ni kí ẹ fi kùn ún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́. Ọlọ́dà á ní ọ̀dà ni. Káfíńtà á ní Solignum, oògùn tí à ń kùn sára pákó nítorí ikán. Mẹkáníìkì á ní kí ẹ wá gbé epo kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà á ní ẹfun àti eérú ni wọ́n fi ń ṣe é látijọ́. Kò sí èyí tí kò ní ibi tí ó wúlò sí nínú gbogbo wọn, àfi pé ibi tí ó wúlò sí yẹn lè má jẹ́ inú ilé adìẹ rárá.

Ohun tó yẹ kí a wò ká tó náwó

Ohun tí mo ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí adìẹ ń fara kàn. Igi tí adìẹ ń bà sí sùn, àyà àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 12 lóru. Ògiri tó bá wà nítòsí, yóò máa fi ẹnu ṣá a. Àpótí tí ó ń yé sí, ibẹ̀ ni ẹyin tí a fẹ́ jẹ máa ń dúbúlẹ̀ sí. Nítorí náà, ohun tó dára fún òpó ìta lè jẹ́ májèlé fún igi ìbàsùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ara igi kan náà ni wọ́n ti la méjèèjì.

Èkejì ni ojú ìsán pákó, mo sì fẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Kòkòrò kan wà tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ. Bí ebi bá ń pa á, ó máa ń rí bí eérú; bó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á pupa. Kì í gbé ara adìẹ bíi ti iná adìẹ tí a mọ̀. Inú àlàfo pákó ló ń gbé lọ́sàn-án, òru ló ń jáde wá jẹun. Nínú ooru bíi tiwa, ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ti tó fún ẹyin rẹ̀ láti pa, kí èyí tó pa dàgbà, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ó tún lè wà fún oṣù púpọ̀ láìrí ẹ̀jẹ̀ mu, nítorí náà, fífi ilé sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti pa á run. Bí ẹ bá rí i pé adìẹ yín ń kọ̀ láti wọlé nírọ̀lẹ́, tí ògbe orí wọn ń funfun, tí ẹyin ń dín kù láìsí ìdí, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ fi tíṣù funfun nu abẹ́ igi tí wọ́n bà sí, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí àmì ẹ̀jẹ̀ bá wà lára tíṣù náà, wọ́n ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Lójú ọ̀sán, ibi tí igi ìbàsùn ti wọ ara ògiri ni kí ẹ wò: ẹ ki ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ ibẹ̀, ẹ ó rí wọn tí wọ́n á tú jáde. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ọ́. Ti kòkòrò yìí náà kò yàtọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi kun pákó, ẹ bi ara yín bóyá ó ń dí ojú ìsán.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ wo bóyá ó ń lé ikán, bóyá ó ṣeé fọ̀, àti iye tí yóò ná yín ní ọdún méjì, kì í ṣe iye tó ná yín ní ọjọ́ tí ẹ rà á nìkan.

Láìmù

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni mo lè mú, láìmù ni mo máa mú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, nítorí lẹ́búlẹ́bú funfun mẹ́ta ló wà lọ́jà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ohun kan náà. Ẹfun tí àwọn lẹ́kùlẹ́jà ń tà ní Ọjà Ọba l'Ádò, amọ̀ funfun ni. Á mú ògiri funfun, kò ní pa kòkòrò kankan. Láìmù tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ́n sí ilẹ̀ oko kí ilẹ̀ má baà kan, òkúta ẹfun (limestone) tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Òun náà kò lágbára lára pákó. Èyí tí à ń wá ni èyí tí wọ́n kọ hydrated lime sí ara àpò rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé tàbí àwọn tó ń ta oúnjẹ àti oògùn adìẹ. Owó rẹ̀ kò wọ́n, àpò kan sì lè kun ilé adìẹ kékeré lẹ́ẹ̀mélòó kan.

Agbára láìmù yìí ni pé ó ń jó nǹkan nígbà tó bá ṣì tutù. Ohun tó fi ń pa kòkòrò àti àwọn ohun tó ń fa àrùn nìyẹn. Bó ti ń gbẹ, afẹ́fẹ́ á máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ di òkúta ẹfun, títí agbára pípa náà á fi tán, tí ìbora funfun nìkan á ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa tún un kùn nígbàkígbà tí a bá kó ọ̀wọ́ adìẹ kan kúrò kí òmíràn tó wọlé. Ìbora náà ṣì wúlò: ó ń dí àwọn ìsán tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ kòkòrò lórí, ó ń mú inú ilé mọ́lẹ̀, ìdọ̀tí sì máa ń hàn kedere lára rẹ̀.

Bí a ṣe ń pò ó ṣe pàtàkì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ wá awò ojú. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú bókéètì, kí ẹ wá máa da láìmù sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ rò ó títí yóò fi dà bí ògì tútù tí kò ki jù, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ́n omi sí pákó tí ẹ ti fọ̀ kó lè di láìmù mú, ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá kùn ún kó nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńṣe ni á máa bó. Àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i kó lè lẹ̀ dáadáa. Èmi kò gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀ níbi tí ìṣó àti wáyà wà, torí iyọ̀ ń mú irin dípẹtà. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ. Adìẹ kò gbọ́dọ̀ wọlé títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ gidi.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò dí ìsán ńlá, kò lé ikán, kì í sì í pẹ́ lára igi tí adìẹ ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ògiri, àjà àti ẹ̀yìn àpótí ẹyin ni ibi tirẹ̀.

Ọ̀dà gloss

Ọ̀dà tí à ń fi tínà pò yìí dára fún ẹni tó fẹ́ máa fọ ilé adìẹ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ó ń dán, ìgbẹ́ kò ráyè wọ inú rẹ̀, aṣọ tútù àti ọṣẹ ti tó láti nù ún. Emulsion tí à ń fi omi pò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi àti ìgbẹ́ á mú un rọ̀, á máa ṣí kúrò. Gloss wọ́n ju láìmù lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá kùn ún bó ṣe yẹ, ó lè lo ọdún mélòó kan kí a tó tún náwó sí i.

Pákó tútù ló ń bà á jẹ́. Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlagi dé kún fún omi. Bí ẹ bá kun gloss lé e, ẹ ti ti omi náà mọ́lé nìyẹn. Ọ̀dà á wú, á bó, pákó á sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ẹ to pákó náà síbi tí òjò kò ti lè pa á, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Àkókò ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ni kíkùn rẹ̀ dára jù ní ilẹ̀ wa. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ po gọ́ọ̀mù káfíńtà mọ́ èérún pákó, ẹ fi dí gbogbo ojú ìsán àti orí ìṣó, kí ẹ wá fi sáńpépà fá a. Iṣẹ́ dídí yìí gan-an ló ń lé kòkòrò. Ọ̀dà kàn ń bò ó ni.

Ohun méjì tún kù. Ẹ ra ọ̀dà tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé kò ní òjé, torí adìẹ yóò ṣá èyí tó bá bó jẹ, òjé sì máa ń wọ inú ẹyin. Èkejì, òórùn tínà kò bá adìẹ lára mu rárá. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí òórùn náà yóò fi lọ pátápátá, ìbáà gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Solignum àti àwọn oògùn ikán mìíràn

Bí ikán bá pọ̀ lágbègbè yín, mo mọ ìdí tí ẹ fi ń rò ó. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò ni, kì í ṣe ọ̀dà lásán. Òpó tó wọlẹ̀, igi òrùlé àti ara pákó tó kọjú síta ni kí ẹ fi mọ. Kò gbọ́dọ̀ kan igi ìbàsùn, àpótí ẹyin tàbí ọpọ́n oúnjẹ. Ẹ kùn ún kí adìẹ tó dé rárá, ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo, kó gbẹ kí òórùn rẹ̀ sì tán.

Ikán fúnra rẹ̀ kì í sábà fò wọlé bí eṣinṣin. Láti inú ilẹ̀ ló ti ń mọ ọ̀nà alámọ̀ gun òpó. Bí ẹ bá gbé òpó lé orí kọnkéré tó ga díẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ sì ń wo ìdí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fọ́ ọ̀nà wọn, ẹ ti dín ìlò oògùn kù gidigidi. Irú igi náà ń kọ́? Ìrókò àti tíìkì lè kojú ikán fúnra wọn. Arère kò lè dá dúró. Àwọn kan tún ń ra òpó iná àtijọ́ kọ́ ilé adìẹ nítorí pé ikán kì í jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe é. Oògùn líle tí wọ́n fi rẹ òpó yẹn, bíi creosote tàbí èyí tó ní arsenic, kò yẹ níbi tí ohun jíjẹ wà.

Epo kọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Ọ̀fẹ́ ni, ó dúdú, omi kì í wọ ibi tí a bá fi pa, ikán náà sì máa ń sá fún un fúngbà díẹ̀. Ìdí tí ó fi gbajúmọ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti mú un wọ inú ilé adìẹ, bó ti wù kí owó ṣọ̀wọ́n tó. Epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò ti kó òjé àti àwọn èérún irin mìíràn mọ́ra, pẹ̀lú àwọn nǹkan tó lè fa jẹjẹrẹ. Kì í gbẹ tán. Yóò máa ra ìyẹ́ àyà adìẹ, adìẹ yóò sì máa fi ẹnu tún ìyẹ́ náà ṣe. Ẹyin àti ẹran tí àwọn ọmọ wa ń jẹ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ó tún ń mú kí pákó tètè gbaná. Bí òjò bá sì fọ̀ ọ́ wálẹ̀, ilẹ̀ tí adìẹ ń tú ló ń wọ̀, bóyá kànga náà.

Epo igi àti eérú

Epo pupa àti àdín wà nílé gbogbo wa, wọn kò sì ní májèlé, ṣùgbọ́n wọn kì í gbẹ lára igi. Wọ́n á máa lẹ̀, eruku á máa mọ́ ọn, èèrà á máa wá. Epo línsíìdì, tí wọ́n ń fún láti ara hóró flax, yàtọ̀: ó máa ń gbẹ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára pákó. Bí ẹ bá rí ojúlówó rẹ̀ láìsí àbùlà, ó dára fún àpótí ẹyin. Àmọ́ ẹ tẹ́ àkísà tí ẹ fi kùn ún síta kó gbẹ. Bí ẹ bá ká a jọ sí igun ilé, ó lè fúnra rẹ̀ gbiná.

Epo dóńgóyárò ni mo fẹ́ràn fún igi ìbàsùn. Kì í ṣe láti dáàbò bo igi lọ́wọ́ omi, bí kò ṣe láti dà kòkòrò láàmú. Ṣíbí ìmutíì méjì sínú lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ kán ọṣẹ olómi sí i kí epo lè bá omi pò, ẹ fi fọ́n orí igi àti gbogbo ibi tí ó ti wọ ògiri. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, torí kì í pa ẹyin kòkòrò tán.

Eérú gbígbẹ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ bù ú sí ilẹ̀ níbi tí adìẹ ti ń wẹ eruku, ẹ wọ́n ọn sínú ìsán. Ó ń fa omi ara kòkòrò gbẹ. Bó bá ti tutù, iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Fífọ̀ rẹ̀

Ohunkóhun tí ẹ bá kùn, gbígbẹ́ ìgbẹ́ kúrò ló ṣáájú. Ẹ fi ọkọ́ kékeré ha á nígbà tó bá gbẹ, ẹ gbá a jáde, kí ẹ tó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ oògùn tó wọlé.

Omi híhó ni mo kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Ó ń pa kòkòrò inú ìsán pẹ̀lú ẹyin rẹ̀, ó sì ń pa ohun tó ń fa coccidiosis, àrùn tí ń mú kí ìgbẹ́ adìẹ lẹ́jẹ̀, èyí tí bleach, bíi Hypo tàbí Jik, kì í rí ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn máa ràn ni kí ẹ dà á, kí pákó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Hypo tàbí Jik dára lórí ọ̀dà gloss tó ti mọ́, ife kan sínú ife omi mẹ́sàn-án, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí pákó tó ṣì ní ìgbẹ́ lára, ìfowóṣòfò ni, torí ìdọ̀tí ń pa agbára rẹ̀. Níbi tí òórùn ìgbẹ́ ṣì ń ta yín lójú, ẹ má dà á síbẹ̀. Èéfín tó máa jáde lè ṣe yín ní jàǹbá. Izal, oògùn olómi tí à ń fi pa kòkòrò àrùn, ń fara da ìdọ̀tí díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà òun ló bá pákó tí a kò kùn mu. Òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Kó gbẹ tán kí adìẹ tó wọlé. Ẹ má po Izal àti bleach pọ̀ láéláé.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ní adìẹ ìbílẹ̀ tàbí nóílà mélòó kan lẹ́yìnkùlé: láìmù sára ògiri, igi ìbàsùn tí kò ní ọ̀dà tí a sì lè yọ, omi híhó lóṣooṣù, eérú nílẹ̀. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó ra gloss.

Ẹni tó ń sin léyà tó ń ta ẹyin, tí ilé rẹ̀ kì í sábà ṣófo: gloss sára àpótí ẹyin àti ògiri ìsàlẹ̀ tí ìgbẹ́ ń ta sí, láìmù sókè. Owó náà wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ilé tí a kì í kó adìẹ kúrò nínú rẹ̀ kò ráyè láti máa kun láìmù lemọ́lemọ́. Epo dóńgóyárò sí igi ìbàsùn nígbàkígbà tí tíṣù bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn.

Ẹni tó ń sin bọ́rọ́ílà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, láìmù ló yẹ ẹ́ jù, torí ilé rẹ̀ máa ń ṣófo láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì.

Ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun síbi tí ikán pọ̀: òpó lórí kọnkéré, tíìkì tàbí ìrókò bí agbára bá ká a, Solignum sí ìta nìkan kí adìẹ tó dé.

Ẹni tó ti fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun inú ilé náà tẹ́lẹ̀, igi ìbàsùn àti àpótí ẹyin ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀, lọ́sẹ̀ yìí bó bá ṣeé ṣe. Láìmù kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri tí epo ti wọ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun ni kí káfíńtà kàn bò ó láti ilẹ̀ dé ibi tí ọrùn adìẹ lè dé. Pákó tí ó bá yọ kúrò, kò gbọ́dọ̀ fi dáná oúnjẹ tàbí fi yan ẹja.